Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má fojú kékeré wo ọwọ́ tó ń kú tipiri lóru

Bí èèyàn bá gba títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́, tó kọjá Ajah, tó kọjá Sangotedo, tó wá dé Awoyaya nílẹ̀ Ibeju-Lekki, ohun tí yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì ni ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ àti ṣọ́ọ̀bù kéékèèké. Èbúté ńlá Lekki tí wọ́n ṣí lọ́dún 2023, àti iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2024, ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa wo apá ibẹ̀ yẹn fún ilé àti iṣẹ́. Ibi téèyàn bá sì pọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni télọ̀, onídìrí, wẹ́dà, àwọn tó ń tẹ táìlì, káfíńtà, oníbúrẹ́dì, ọlọ́ta àti àwọn oní-POS máa ń gbà lọ láti wá oúnjẹ òòjọ́ wọn.

Gbogbo iṣẹ́ tá a dárúkọ yìí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí ẹ̀rọ ìránṣọ bá bàjẹ́, a ó pe ẹni tó ń tún un ṣe. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kọṣẹ́, a lè yá ti ẹnìkejì lò. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ bá kọṣẹ́, kò síbi tá a ti lè yá òmíràn. Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí lórí àìlera kan tó máa ń yọ́ wọ ọwọ́ àwọn oníṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní làkúrègbé, táwọn mìíràn ń sọ pé àárẹ̀ lásán ni, títí tí yóò fi di pé wọn ò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Àwọn dókítà ń pè é ní carpal tunnel syndrome. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó máa pè é ní ìhámọ́ iṣan ọrùn ọwọ́, nítorí ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn: iṣan kan ló há sínú ọ̀nà tóóró.

Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀

Àìlera yìí kì í sábà bẹ̀rẹ̀ níbi iṣẹ́. Orí ibùsùn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Èèyàn yóò sùn, nígbà tó bá di òru, ọwọ́ á ta á jí. Àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá, ìka àárín àti apá kan ìka tá a ń fi òrùka sí yóò kú tipiri, tàbí kí wọ́n máa ta bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń gún wọn. Nígbà mìíràn, ìrora náà á gba ọrùn ọwọ́ gòkè dé ìgúnpá. Ohun tí ẹni náà yóò ṣe ni pé kó dìde jókòó, kó máa gbọn ọwọ́ bí ẹni tó ń gbọn omi dànù, kó tó di pé ara ọwọ́ náà sọ. Àwọn dókítà mọ ọwọ́ gbígbọn yìí dáadáa. Bí aláìsàn bá ti sọ pé òun máa ń gbọn ọwọ́ lóru kí òun tó rí oorun sùn, ibi tí ọkàn wọn máa ń kọ́kọ́ lọ nìyẹn.

Ẹ kíyè sí ìka tó kéré jù, ìyẹn ọmọńdinrín. Kò sí nínú àwọn ìka tó máa ń kú nínú àìlera yìí, nítorí iṣan mìíràn ló ń ṣiṣẹ́ fún un. Bó bá jẹ́ pé ọmọńdinrín gan-an ló ń kú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣan tó gba ẹ̀yìn ìgúnpá kọjá ló ní ìṣòro. Bó bá sì jẹ́ pé gbogbo ọwọ́ ló ń kú, tí ọrùn náà ń dun èèyàn, ó lè jẹ́ láti egungun ọrùn. Ohun kékeré tó yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó lọ bá dókítà nìyí, nítorí yóò ràn án lọ́wọ́ láti ṣàlàyé ara rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Bó bá pẹ́ díẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóru yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹni tó bá di fóònù mú sétí yóò rí i pé ìka òun ti kú. Ẹni tó ń wa mọ́tò yóò máa pààrọ̀ ọwọ́ lórí sítíárì. Lẹ́yìn ìyẹn ni àìlágbára á wá wọlé. Ife á máa bọ́ lọ́wọ́ èèyàn láìròtẹ́lẹ̀. Ìdérí ìgò kò ní ṣeé ṣí mọ́. Bọ́tìnnì ẹ̀wù á di iṣẹ́ ńlá. Bó bá wá burú pátápátá, ẹran tó wà nídìí àtàǹpàkò, lójú àtẹ́lẹwọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rù, ibẹ̀ á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti dé ibẹ̀ yẹn ti jẹ́ kó pẹ́ jù.

Kí ló wà nínú ọrùn ọwọ́ gan-an?

Ẹ fi ìka ọwọ́ kan tẹ àárín ọrùn ọwọ́ kejì, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀nà tóóró kan wà. Àwọn egungun wẹ́wẹ́ mẹ́jọ tó wà nínú ọrùn ọwọ́ ló ṣe ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà, awọ líle kan ló sì bò ó lórí bí òrùlé. Inú ọ̀nà yìí ni okùn iṣan mẹ́sàn-án tó ń fa àwọn ìka ń gbà kọjá. Àárín àwọn mẹ́sàn-án yìí náà ni iṣan ìmọ̀lára kan ṣoṣo ti ráyè gbà. Òun ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé nǹkan gbóná tàbí ó tutù, ó dán tàbí ó le, lójú àtàǹpàkò àti àwọn ìka tá a ti dárúkọ. Òun náà ló ń fún ẹran ìdí àtàǹpàkò ní agbára láti di nǹkan mú.

Egungun kò lè fẹ̀ sí i, awọ líle náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé fà. Nítorí náà, bí ohunkóhun bá ti wú nínú ọ̀nà náà, iṣan ìmọ̀lára ni yóò jìyà rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èrò mẹ́wàá bá há sínú mọ́tò tó yẹ kó gbé mẹ́fà: ẹni tó bá rọ̀ jù láàárín wọn ni wọ́n máa fún pa. Bí èèyàn bá tẹ ọrùn ọwọ́ síwájú tàbí sẹ́yìn púpọ̀, ọ̀nà náà tún máa ń há sí i. Ìdí tó fi máa ń burú lóru nìyẹn, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló máa ń ká ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí sábẹ́ ìrọ̀rí bá a bá sùn.

Kì í ṣe àìsàn tuntun. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, James Paget, ti kọ̀wé nípa irú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1854, lórí aláìsàn kan tí egungun rẹ̀ ti dá nítòsí ọrùn ọwọ́. Ṣùgbọ́n ó di àwọn ọdún 1950 kí George Phalen, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ kí àwọn dókítà káàkiri mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun náà ló ni àyẹ̀wò kan tí ẹnikẹ́ni lè ṣe fúnra rẹ̀, èyí tá a ó ṣàlàyé níwájú.

Àwọn wo ló máa ń ṣe?

Ó máa ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ó máa ń ṣe aboyún, pàápàá bí oyún bá ti ń dàgbà tí omi sì ń pọ̀ lára wọn, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú tiwọn ló máa ń lọ lẹ́yìn ìbímọ. Ó máa ń ṣe àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, àwọn tó sanra jù, àwọn tí oríkèé ara wọn máa ń wú, àwọn tí egungun ọrùn ọwọ́ wọn ti dá rí, àti àwọn tó ní àìsàn ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ lọ́rùn. Èyí ṣe pàtàkì fún wa gan-an. Ẹlòmíràn wà tí kò mọ̀ pé òun ní ìtọ̀ ṣúgà rárá, ọwọ́ tó ń kú yìí ló máa gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà tí wọ́n fi máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Iṣẹ́ náà sì ní tirẹ̀. Lọ́dún 2010, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, ILO, ṣe àtúnṣe sí ìwé tí wọ́n to àwọn àìsàn tí iṣẹ́ ń fà sí, wọ́n sì dárúkọ carpal tunnel syndrome nínú rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni wọ́n sọ pé ó ń fà á: iṣẹ́ àṣetúnṣe tó ń gba agbára fún ìgbà pípẹ́, lílo ohun tó ń gbọ̀n, àti títẹ ọrùn ọwọ́ kọjá bó ṣe yẹ. Ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n para pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wo àwọn iṣẹ́ tó wà ní Awoyaya. Ẹni tó ń gé táìlì tàbí tó ń fi ẹ̀rọ lọ irin di ohun tó ń gbọ̀n mú pinpin fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Onídìrí ń tẹ ọrùn ọwọ́, ó sì ń fi àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá fa irun wẹ́wẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, pàápàá ní ìparí ọ̀sẹ̀ àti bí ọdún bá ń sún mọ́lé. Télọ̀ ń fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ tó nípọn. Oníbúrẹ́dì tí kò ní ẹ̀rọ ń fi ọwọ́ po ìyẹ̀fun. Alápatà ń fi ọ̀bẹ gé eegun. Alágbàfọ̀ ń fún aṣọ. Nínú gbogbo wọn, agbára tí wọ́n fi ń di nǹkan mú àti iye ìgbà tí wọ́n ń tún un ṣe ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé kọ̀ǹpútà àti fóònù ló ń fà á jù. Lóòótọ́, wọ́n lè jẹ́ kí ọwọ́ tó ti há tẹ́lẹ̀ máa dunni sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó wà lórí ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n àti dídi nǹkan mú pẹ̀lú agbára lágbára ju ti kọ̀ǹpútà lọ. Ẹni tó ń di ẹ̀rọ ìgé-táìlì mú ló yẹ kó kọ́kọ́ bẹ̀rù, kó tó kan akọ̀wé tó ń tẹ̀wé.

Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan, àpẹẹrẹ lásán ni o. Ká ní télọ̀ kan ń rán aṣọ mẹ́wàá lọ́sẹ̀, tó ń gba ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà, ₦8,000, lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ jẹ́ ₦80,000. Bí ọwọ́ bá wá ń kú, tó jẹ́ pé méje ló ń rí rán, ₦56,000 ni yóò máa wọlé. Ó ti pàdánù ₦24,000 lọ́sẹ̀ kan. Bó bá fara dà á fún oṣù mẹ́fà, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, àpapọ̀ ohun tó sọnù jẹ́ ₦624,000. A ò tíì ka aṣọ oníbàárà tó gé ṣì, tó ní láti san padà. A ò tíì ka oníbàárà tó bínú lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn nítorí pé aṣọ ọdún rẹ̀ kò jáde lásìkò. A ò tíì ka owó oògùn ìrora tó ń rà lójoojúmọ́.

Ohun tó máa ń jẹ́ kí àdánù yìí fara sin ni pé kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mọ́tò bá kọlu èèyàn, gbogbo ayé ló máa rí i. Ṣùgbọ́n àìlera yìí máa ń jẹ èèyàn díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọ̀gá iléeṣẹ́ á máa sọ pé ọjà ò tà, tàbí pé ọmọ iṣẹ́ òun ti di ọ̀lẹ. Ọmọ iṣẹ́ tó ń já abọ́ mọ́lẹ̀ ṣáá, tàbí tó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ẹ bi í léèrè bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe é lóru kẹ́ ẹ tó bú u.

Ewu mìíràn tún wà ńbẹ̀. Ìka tí kò mọ nǹkan lára mọ́ kì í tètè mọ̀ pé irin gbóná. Ẹni tó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ, ẹni tó ń gbé abọ́ búrẹ́dì kúrò nínú ààrò, àti ẹni tó ń fi omi gbígbóná tọ irun alátáṣì, gbogbo wọn lè jóná kí wọ́n tó mọ̀. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tó ń gé nǹkan, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń já nǹkan sílẹ̀, ewu tiẹ̀ tún ju ìyẹn lọ.

Bẹ́ ẹ ṣe lè yẹ ara yín wò

Àyẹ̀wò Phalen tá a sọ níṣàájú kò gba owó kankan. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè síwájú àyà. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún kan ẹ̀yìn ọwọ́ òsì, kí ìka gbogbo dojú kọ ilẹ̀, kí ìgúnpá méjèèjì sì ṣí síta. Ẹ mú un bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá tàbí ìka àárín bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú tàbí kó máa ta yín kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àìlera yìí. Kì í ṣe ẹ̀rí àrídájú o. Ẹlòmíràn lè ní i kí ọwọ́ rẹ̀ má kú, ẹlòmíràn sì lè máà ní i kí ọwọ́ kú díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èyí bá para pọ̀ mọ́ ọwọ́ tó ń kú lóru, ó ti tó kéèyàn lọ rí dókítà.

Níbẹ̀, dókítà yóò bi yín ní ìbéèrè, yóò wo bí àtàǹpàkò ṣe lágbára sí, yóò sì lè ní kẹ́ ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítorí ìtọ̀ ṣúgà àti àwọn àìsàn mìíràn tó lè wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀rọ kan tún wà tí wọ́n fi máa ń wọn bí iṣan ìmọ̀lára ṣe ń ṣiṣẹ́ sí láti ìka dé apá. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kò bá yé dókítà tó, tàbí bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ ṣe é.

Ìtọ́jú tó wà

Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ìtọ́jú yìí rí. Èyí tí kò tíì pẹ́ kì í náni ní owó púpọ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń lò ni ohun ìdè ọrùn ọwọ́ tó ní irin tàbí ike pẹlẹbẹ nínú, tí kì í jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ tẹ̀. Òru ni wọ́n máa ń wọ̀ ọ́ jù, kí ọwọ́ lè wà ní nínà gbọọrọ bí èèyàn bá ń sùn. Ẹ má wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ méjì kẹ́ ẹ ní kò ṣiṣẹ́. Ó kéré tán, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kéèyàn tó mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Ẹ má sì so ó le jù, nítorí ohun tá à ń sá fún náà ni fífún pọ̀.

Bí ìyẹn kò bá tó, dókítà lè fún èèyàn ní abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì sí ọrùn ọwọ́, èyí tó máa ń mú kí ohun tó wú nínú ọ̀nà náà wálẹ̀. Ó máa ń tura dáadáa fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìrora náà á tún padà. Dókítà tó mọ ibi tí iṣan wà nìkan ló yẹ kó fún yín ní abẹ́rẹ́ yìí. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń ta oògùn ní ìkóríta.

Èyí tó gbẹ̀yìn ni iṣẹ́ abẹ. Wọ́n á la awọ líle tó bo ọ̀nà tóóró náà, kí iṣan lè ráyè mí. Iṣẹ́ abẹ kékeré ni, wọn kì í sábà fi oorun kun èèyàn, ọwọ́ nìkan ni wọ́n máa ń pa lára, ẹni náà sì máa ń padà sílé lọ́jọ́ náà gan-an. Ìdajì wákàtí sábà máa ń tó o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: wọ́n máa ń yọ òwú iṣẹ́ abẹ náà ní bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, èèyàn sì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó fúyẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àmọ́ iṣẹ́ tó gba agbára lè gbà tó oṣù kan àtààbọ̀ sí oṣù mẹ́ta kéèyàn tó padà sídìí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ṣètò rẹ̀ sí ìgbà tí ọjà kò yá. Onídìrí kì í ṣiṣẹ́ abẹ nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí Kérésìmesì ti ń kanlẹ̀kùn. Bó bá jẹ́ ọwọ́ méjèèjì ló ń ṣe yín, ẹ bá dókítà sọ ọ́ bóyá kí wọ́n ṣe ọ̀kan kó tó kan èkejì, nítorí ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ò lè wà láìní ọwọ́ tó máa fi jẹun.

Ìdí tá a fi ń sọ pé kẹ́ ẹ tètè lọ ni pé bí ẹran ìdí àtàǹpàkò bá ti rù tán, iṣẹ́ abẹ lè dá ìrora dúró, ṣùgbọ́n agbára tó ti lọ lè máà padà mọ́.

Ọsibítù àwọn eegun tí ìjọba àpapọ̀ ní sí Ìgbóbì, l'Ékòó, tó ti wà láti ọdún 1945, wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà. A mọ̀ pé gbogbo wọn jìnnà sí Awoyaya, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú títì sì lè gba odindi ọjọ́ kan lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ lè kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù ìjọba tó sún mọ́ yín, irú bí èyí tó wà ní Akodo nílẹ̀ Ibeju-Lekki, kí wọ́n yẹ ṣúgà yín wò, kí wọ́n sì kọ̀wé fún yín bó bá tọ́ kẹ́ ẹ lọ síwájú.

Ohun tí kò yẹ kẹ́ ẹ ṣe náà wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi agbára fa ọrùn ọwọ́ yín tàbí kó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pé òun ń to eegun, nítorí eegun kọ́ ló yẹ̀. Ẹ má sì sọ oògùn ìrora di oúnjẹ. Kì í ṣí ọ̀nà tó há, bẹ́ẹ̀ ló sì lè dá egbò sí inú ikùn, kó sì ba kíndìnrín jẹ́ bó bá pẹ́.

Ohun tí ọ̀gá lè ṣe ní ṣọ́ọ̀bù

Kò dìgbà tá a bá ní owó ńlá ká tó tọ́jú ọwọ́ àwọn tó ń bá wa ṣiṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé kẹ́ ẹ máa pín iṣẹ́. Ẹni tó gé aṣọ láàárọ̀, kó máa lẹ bọ́tìnnì lọ́sàn-án. Ẹni tó gé táìlì fún wákàtí kan, kó lọ po sìmẹ́ǹtì, kí ẹlòmíràn gbà á. Èkejì, ẹ máa sinmi díẹ̀díẹ̀ láàárín iṣẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún láàárín wákàtí kan sàn ju wákàtí kan tí èèyàn máa fi mú ọwọ́ dání lẹ́yìn tó ti dùn ún tán.

Ẹ̀kẹta, ẹ tọ́jú irinṣẹ́ yín. Àlùmọ́gàjí àti ọ̀bẹ tó kú ń gba agbára ju èyí tó mú lọ, owó tẹ́ ẹ fi ń pọ́n wọn kò tó nǹkan. Bí ọwọ́ irinṣẹ́ bá tín-ínrín jù, ẹ wé rọ́bà tàbí aṣọ mọ́ ọn kó lè nípọn díẹ̀, kí ìka má baà máa fún un pinpin. Abẹ ẹ̀rọ ìgé-táìlì tó ti jẹ tán máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ̀n sí i, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ẹ wo bí tábìlì àti àga ṣe ga sí. Onídìrí tí oníbàárà rẹ̀ jókòó sórí àga tó ga jù yóò máa gbé ọwọ́ sókè, yóò sì máa tẹ ọrùn ọwọ́. Ọwọ́ tó wà ní nínà, tí kò tẹ̀ síwájú tí kò tẹ̀ sẹ́yìn, ni ọwọ́ tó ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ òfin náà wà ńbẹ̀. Òfin owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́, Employee's Compensation Act, tí orílẹ̀-èdè yìí ṣe lọ́dún 2010, kò mọ sórí ìjàǹbá nìkan, ó kan àìsàn tí iṣẹ́ fà pẹ̀lú. Àjọ NSITF ló ń bójú tó o. Agbanisíṣẹ́ ló ń san owó náà, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó oṣù wọn. Bí iṣẹ́ bá dá àìsàn sí òṣìṣẹ́ lára, òfin ní kó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí ọ̀gá sì fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ méje. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òṣìṣẹ́ méjì mẹ́ta, ẹ lọ béèrè bí ẹ ṣe lè forúkọ sílẹ̀, kó má jẹ́ pé ọjọ́ tí wàhálà bá dé lẹ máa mọ̀. Ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí òṣìṣẹ́ bá fẹjọ́ sùn pé ọwọ́ ń dun òun: ọjọ́ tó sọ ọ́, iṣẹ́ tó ń ṣe, àti ohun tẹ́ ẹ ṣe sí i.

Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́, tí kò ní ọ̀gá tí kò ní òṣìṣẹ́, ìpamọ́ tirẹ̀ ni ààbò rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ètò adójútòfò ìlera tí wọ́n ń pè ní Ìlera Èkó. Ẹ béèrè ohun tó kó mọ́ra àti ohun tí kò kó mọ́ra kẹ́ ẹ tó san owó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbìyànjú láti ní owó tó lè gbé ilé fún oṣù méjì sí mẹ́ta, bóyá nínú èsúsú tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Iye àsìkò tí iṣẹ́ abẹ lè mú èèyàn jókòó sílé náà nìyẹn. Ẹ sì kọ́ ọmọ iṣẹ́ yín ní gbogbo iṣẹ́, ẹ má fi èyí tó ṣòro jù pa mọ́ sọ́wọ́ ara yín nìkan, kí ṣọ́ọ̀bù má baà tì bí ọwọ́ ọ̀gá bá fẹ́ sinmi.

Bí ọwọ́ bá ń kú lóru fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí bí nǹkan bá ti ń já bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má dúró de oṣù tó ń bọ̀. Bí ọwọ́ bá kú lójijì, tí ẹ̀gbẹ́ kan ara sì kọṣẹ́ tàbí tí ẹnu ń wọ́, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọrùn ọwọ́ mọ́, ọsibítù ni kẹ́ ẹ sáré gbà lọ ní wéré. Ṣùgbọ́n fún èyí tó ń wá díẹ̀díẹ̀, ohun ìdè ọrùn ọwọ́ kan, ìsinmi díẹ̀ àti àyẹ̀wò ṣúgà lè dá a dúró kó tó di ọ̀ràn. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ọwọ́ yẹn náà ló yẹ ká kọ́kọ́ tún ṣe.